Ohun tí Àtòjọ Ètò Kọ́ Mi Nípa Iléeṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀ka ètò ni mo ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní apá ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n kó ìtàn iléeṣẹ́ náà jọ fún ìwé ìrántí kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Lójú àwọn tó rán mi níṣẹ́, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò pọ̀: orúkọ gómìnà tó ṣí iléeṣẹ́, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún tí wọ́n ra ẹ̀rọ kan tàbí òmíràn, àti fọ́tò àwọn àlejò pàtàkì tó ti yà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ìyẹn wà nínú fáìlì, kò sì ni mí lára láti rí i. Àpótí kan tí mo bá nídìí àwọn fáìlì náà ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Àtòjọ ètò ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, bébà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́tẹ̀ tẹ̀, tí ẹnìkan sì ti fi bírò pupa fa ìlà lé ètò kan níbí, tó kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́hùn-ún. Inú àwọn bébà wọ̀nyí ni mo ti rí i pé ohun tó mú kí wọ́n dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa yàtọ̀ sí ohun tó mú kí àwọn ará ìlú jókòó tì í. Òṣèlú ló bí i. Eré, orin àti ẹ̀fẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Bí a bá sì wá ń kọ ìtàn rẹ̀, a máa ń kọ ti ẹni tó bí i, a máa ń gbàgbé ẹni tó tọ́ ọ.

Ìbàdàn ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ìtàn yìí ní láti gbà kọjá. Ní ọdún 1953, nígbà tí Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1956, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà títí àwọn ọmọ Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba Ìwọ̀ Oòrùn, fi jáde kúrò nínú ilé, Gómìnà John Macpherson lọ sórí rédíò, ó sì dá wọn lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè pé kí wọ́n fún òun náà ní àyè lórí rédíò kan náà láti fèsì. Wọn kò fún un. Nígbà tí òfin ìjọba tuntun ti 1954 gba àwọn ẹkùn láàyè láti ní iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ mọ́. Wọ́n bá iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Overseas Rediffusion dòwò pọ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, WNTV (Western Nigeria Television), iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà tó kọ́ wa níṣẹ́ kì í jẹ́ kí a gbàgbé pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, nítorí ohun tí iléeṣẹ́ náà fi ń kí ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn àríyànjiyàn lè rán wọn létí pé àwọn Faransé ti gbé tẹlifíṣọ̀n dé Mòrókò àti Àlùjíríà ṣáájú ìgbà náà. Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan níwájú àwọn àgbà náà, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó dán an wò. Lẹ́yìn Ìbàdàn, Ènúgù ní tirẹ̀ ní ọjọ́ òmìnira gan-an, 1 oṣù kẹwàá 1960, Kàdúná àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì tẹ̀ lé e ní 1962. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ohùn àti àwòrán tirẹ̀, nítorí kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n tún fi ohùn du òun.

Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn olóṣèlú lè rí ibi fèsì kò lè máa fèsì láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Nǹkan gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Ohun tí Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ní gbangba ni pé olùkọ́ àti adánilárayá ni tẹlifíṣọ̀n yóò jẹ́, ìyẹn kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí láti 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà, ọmọ ti pọ̀ ju olùkọ́ lọ ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì gbà pé olùkọ́ kan tó dúró níwájú kámẹ́rà ní Ìbàdàn lè kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé iléeṣẹ́ tí wọ́n bá dòwò pọ̀ ń retí èrè, fíìmù tí wọ́n ti ṣe tán ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dínwó ju èyí tí a bá jókòó ṣe fúnra wa lọ. Títí di òní, gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ètò mọ ìjà yìí: àyè ṣófo nínú àtòjọ, owó kò sí, fíìmù òkèèrè sì wà nílẹ̀.

Ohun tí WNTV ṣe fúnra rẹ̀ nígbà náà, lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ sí afẹ́fẹ́. Aníkẹ̀ẹ́ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí lórí rẹ̀, Kúnlé Ọláṣọpé sì ni ẹni tó kọ́kọ́ ka ìròyìn. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ní oṣù kẹjọ 1960, wọ́n ṣe eré kan tí Wọlé Ṣóyínká kọ, My Father's Burden, Olúṣẹ́gun Olúṣọlá ló sì darí rẹ̀. Inú iléeṣẹ́ yìí náà ni Adébáyọ̀ Fálétí wà, tó ń gé fíìmù, tó sì ń tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó fíìmù sí. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kó tó di ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo dárúkọ iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe yìí nítorí pé, nínú gbogbo ipò tó wà ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ipò ẹni tó ń tọ́jú fíìmù ni a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣì ń bọ̀ wá sọ.

Àwọn ẹgbẹ́ eré ìtàgé ló sọ tẹlifíṣọ̀n di ti gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n nínú ilé kò tó nǹkan nígbà náà, ìta ilé onílé ni àwọn yòókù ti ń wò ó, ẹni tó dúró sí ìta ilé onílé kò sì ní dúró nítorí ọ̀rọ̀ mínísítà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀ àti Mósè Ọláìyá tí ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá ni wọ́n ń dúró dè. Àwọn wọ̀nyí ti ní èrò lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, láti ìlú dé ìlú, nínú gbọ̀ngàn àti ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Èrò ọ̀hún ni wọ́n kó wá sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ládipọ̀ ṣe Bọ́dé Wáásinmi, Oyin Adéjọbí ṣe Kóòtù Aṣípa, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, Àrélù ti Jímọ̀ Àlíù sọ Fádèyí Olóró àti Òrìṣàbùnmi di orúkọ tí ọmọ kékeré fi ń ṣeré ní àdúgbò.

Ìgbà tí mo dé ẹ̀ka ètò ni mo tó mọ bó ti le tó láti mú eré tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí ìtàgé wọ inú ààbọ̀ wákàtí. Bí a bá sì yọ ìpolówó ọjà kúrò nínú ààbọ̀ wákàtí náà, ìṣẹ́jú 25 ló kù. Mo rántí ọ̀gá ẹgbẹ́ eré kan tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí èyí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 25 ni a ní o.”

“Ọmọ mi, ọba tí mo fẹ́ ṣe yìí, kì í tíì yọ lójú agbo ní ìṣẹ́jú 25.”

Òótọ́ ló sọ. Lórí ìtàgé, orin ìjúbà ni wọ́n fi ń ṣí eré, ìlù a máa lọ, àwọn obìnrin a jó, olórí ẹgbẹ́ a kí àwọn ọlọ́lá tó wà níjòókòó, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni a ní láti gé. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò kì í sì í lo ìwé: olórí ẹgbẹ́ a sọ ìtàn fún wọn, olúkúlùkù a sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ẹnu. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sí yàrá ìdarí níwájú àwòrán kámẹ́rà mẹ́ta ní láti mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e, kó lè gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó ya ẹnu. Nígbà tó yá, a fi kọ́ra láti máa wo ojú olórí ẹgbẹ́, nítorí ibi tó bá kọjú sí ni ọ̀rọ̀ yóò ti jáde. Èyí tó tún burú jù lọ ni ẹ̀rín. Aláwàdà a sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, a sì dúró díẹ̀ de ẹ̀rín èrò kó tó gbé èkejì, ṣùgbọ́n nínú sitúdíò, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí náà ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láàárín eré. Ẹnìkan nínú wa ló dá a lábàá pé kí a kó àwọn awakọ̀, àwọn akọ̀wé àti àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ ní ẹnu ọ̀nà wá jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà, kí a sì fún wọn ní àṣẹ láti rẹ́rìn-ín bó bá ṣe wù wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni eré ti padà bọ̀ sípò. Àwọn ìyá olóúnjẹ wọ̀nyí tún wúlò fún wa lọ́nà mìíràn, nítorí eré tí kò bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, a ti mọ̀ pé kò ní pa ìlú lẹ́rìn-ín.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí Kóòtù Aṣípa fi pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ti wá yé mi. Ilé ẹjọ́ kan náà ni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibi kan náà ni adájọ́ ń jókòó sí, ẹjọ́ tuntun ni wọ́n sì ń gbé wá. Káfíńtà kò ní láti kan ààfin lónìí kó tún tú u palẹ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ogun tí wọ́n ń jà níbẹ̀, kámẹ́rà sì fẹ́ràn ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju èrò púpọ̀ tó ń sáré kiri lọ. Adéjọbí àti àwọn tó bá a ṣe é rí ohun tí sitúdíò kékeré lè gbé, wọ́n sì fi ìtàn wọn sí ìwọ̀n rẹ̀. Mo gbà pé ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ wa tó kàwé nípa iṣẹ́ yìí ní.

Ní ti òṣèlú, kò fi ìgbà kankan kúrò nílé. Nígbà rògbòdìyàn Ìwọ̀ Oòrùn ní 1965, iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ohùn má bàa há mọ́ ẹnìkan lọ́fun ti di ti ẹni tó wà lórí àga nìkan, débi pé ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹnìkan gbé ìbọn wọ iléeṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó sì mú kí wọ́n fi téèpù mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ Olóyè S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Ṣóyínká, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, ìjọba ológun kó gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ NTA, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, òfin tí wọ́n fi ṣe é sì jáde ní 1977. Ọdún 1979 tí ìjọba alágbádá dé, àwọn gómìnà UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ní ilẹ̀ Yorùbá rí i pé NTA wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ló sì wà níbẹ̀. Àyè ìfèsì tí Awólọ́wọ̀ kò rí ní 1953 ni àwọn náà kò rí. Nítorí náà ni Èkó ṣe dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1980, Ògùn ní 1981, Ọ̀yọ́ ní 1982. Ìran kan náà ni iléeṣẹ́ tí mo ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tí àwa náà rí ẹsẹ̀ walẹ̀, mo kíyè sí i pé orúkọ ẹgbẹ́ alátakò kì í pẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń ka ìròyìn wa, àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ bá a wí.

Ibí yìí ni bírò pupa ti wúlò fún mi. Mo to àwọn àtòjọ náà ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, mo sì wo ohun tí wọ́n fa ìlà lé. Ìdí mẹ́ta ló pọ̀ jù: ìbẹ̀wò gómìnà sí ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ní kí a gbé sí afẹ́fẹ́ láti òkè délẹ̀, dísù tí kò sí fún jẹnẹrétọ̀, àti ìpolówó tó san owó lójijì. Eré alẹ́ ni ó sì ń fara gbá a. Nínú fáìlì mìíràn ni lẹ́tà àwọn òǹwòran wà. Bí mo ṣe fi ọjọ́ lẹ́tà wé ọjọ́ tí bírò pupa ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba: kò sí ẹni tó kọ̀wé láti dúpẹ́ pé òun rí ìbẹ̀wò gómìnà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè ibi tí eré wọn wà kọ̀wé, wọ́n fi ìbínú kọ ọ́, àwọn mìíràn sì ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá àwọn kọ ọ́. Ìyá kan sọ nínú tirẹ̀ pé NEPA ti gbé iná lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, gómìnà sì tún gbé eré lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣé àwa náà kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ṣe é tẹ̀ lé ara wọn? Lẹ́yìn irú lẹ́tà báyìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tún eré ọ̀sẹ̀ ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àtòjọ ètò tún sọ irú ènìyàn tí àwa fúnra wa gbà pé a ń bá sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń ṣí, pẹ̀lú orin orílẹ̀-èdè, ètò ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, ọjọ́ Àìkú jẹ́ ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, a sì máa ń fi ìṣẹ́jú wọn wé ara wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wa mú. Ìkéde òkú máa ń wà ní kété ṣáájú ìròyìn Yorùbá, nítorí àsìkò náà ni ojú pọ̀ jù lọ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Owó ìkéde òkú yìí ti san ọ̀pọ̀ gbèsè fún iléeṣẹ́ wa, bí a kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ níwájú àlejò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè sì wà níbẹ̀. Àwọn kan kọ̀wé pé Yorùbá tí a fi ń ka ìròyìn dà bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ló ní ìpínlẹ̀, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ti ń fún ìlú kọ̀ọ̀kan láàyè láti sọ ìtàn rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ètò náà kò ní olówó tó gbé e lẹ́sẹ̀, ó sì pẹ́ ju ọ̀pọ̀ èyí tó ní lọ.

Ẹ̀rọ náà ní ọwọ́ nínú ẹni tó ń wò wá. Oríṣi ìgbì afẹ́fẹ́ méjì, VHF àti UHF, ni tẹlifíṣọ̀n ń lò. NTA ti gba VHF, UHF ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ lò, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mìíràn kò sì lè gba UHF rárá. Ẹni tí tirẹ̀ bá lè gbà á ní láti ra èrìàlì mìíràn, kó so ó mọ́ òpó, kí ọmọ kan sì wà nísàlẹ̀ tí yóò máa pariwo pé “Ó ti mọ́!” tàbí “Ó tún ti bàjẹ́!” UHF kì í rọra yí òkè kọjá, ìlú tó bá wà lẹ́yìn òkè kì í rí wa dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìpínlẹ̀ wa ló wà.

Mo ti wá dé ibi tó dùn mí jù. Nígbà tí mo parí títo àwọn àtòjọ, mo kọ orúkọ àwọn eré tó gbajúmọ̀ jù sílẹ̀, mo sì lọ sí yàrá téèpù láti wá wọn. Díẹ̀ ni mo rí. Téèpù fídíò tí wọ́n ń pè ní U-matic ni a ń lò nígbà náà, ó sì wọ́n, nítorí òkèèrè ló ti ń wá, owó òkèèrè sì ti di nǹkan àwárí láti àárín àwọn ọdún 1980. Bí eré bá ti lọ sí afẹ́fẹ́ tán, tí wọ́n sì ti tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú, wọn a mú téèpù náà padà wá láti fi ká òmíràn lé e lórí. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní WNTV kó tó wá bá wa ni mo lọ bá nílé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bi í pé, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò tọ́jú wọn?” Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ náà sọ fún mi. Téèpù kan ló kù, eré ọ̀la sì ti wà ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú èrò inú bọ́ọ̀sì kan. Èwo ni kí n ṣe?” N kò lè dá a lẹ́bi. BBC pàápàá nu téèpù ní ìgbà tirẹ̀. Ohun tí n kò lè gbójú fò ni pé, lórí àwọn téèpù díẹ̀ tó ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ gómìnà àti ìfilọ́lẹ̀ ọ̀nà ló pọ̀ jù, nítorí ẹnìkan ti kọ ọ́ sí ara wọn pé “Ẹ má ṣe nù ún.” Kò sí ẹni tó láyà láti nu ọ̀rọ̀ gómìnà. Ti Ìyá Olóbì inú eré, tó ń pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni lè nù ún.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí kò pẹ́ rárá. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ eré rí i pé bí àwọn bá fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò ká eré tí àwọn sì tà á lọ́jà, owó tó ń wọlé ju èyí tí àwa ń san lọ, wọ́n sì kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òfin ti 1992 gba aládàáni láàyè láti dá iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, tí Galaxy tó jẹ́ ti aládàáni dé Ìbàdàn, tí àwọn mìíràn sì dé Èkó, àwọn olùpolówó náà pín ara wọn. Iléeṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ta àyè: ẹni tó bá ní owó a ra ààbọ̀ wákàtí, a sì gbé ohun tó bá fẹ́ sí i, ìwàásù, oògùn ìbílẹ̀, ọjọ́ ìbí. Àtòjọ ètò láti ìgbà náà wá rọrùn láti kà, orúkọ àwọn tó sanwó ló kún inú rẹ̀, bírò pupa kò sì ní iṣẹ́ mọ́ níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, ohun tí mo kọ́ ni pé kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá rántí ìpàdé. Káfíńtà tó ń kan ilé fún eré, awakọ̀ tó ń gbé òṣèré padà sílé lóru, obìnrin tó ń tọ́jú aṣọ eré, àwọn wọ̀nyí ló mọ eré tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá sì bi wọ́n léèrè ọdún, wọn a dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ orin tí a fi ń ṣí ètò kan, wọn a gbè é, lẹ́yìn náà ni orúkọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹni tó ṣe ọkọ, ẹni tó ṣe ìyàwó, ẹni tó ṣubú láti orí àga tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú eré nítorí pé ó dùn.

Ohun kan tí n kò retí ni pé ẹ̀ka ìṣirò owó ni yóò ní ẹ̀rí tó dára jù lọ. Gbogbo òṣèré tó bá wọ sitúdíò ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí fáúṣà, ìyẹn ìwé ìsanwó, pẹ̀lú orúkọ eré, ọjọ́ tí wọ́n ká a, iye tí wọ́n san fún un àti ìbuwọ́lù rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé téèpù U-matic tó ṣẹ́kù sí orí kọ̀ǹpútà báyìí ti ń lo fáúṣà wọ̀nyí láti mọ orúkọ ojú tí wọ́n ń rí. Àwọn ọmọ òṣèré kan náà ti wá béèrè wọn, nítorí eré bàbá wọn ti dé orí YouTube láti ọwọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá iléeṣẹ́ ló ni ín tàbí ẹgbẹ́ bàbá wọn. Fáúṣà kò lè dá ẹjọ́ yẹn, nítorí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí eré náà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ sọ pé tiwa ni, agbẹjọ́rò ti wọn sọ pé tiwọn ni. Ní tèmi, mo kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n pín owó tó bá ti ibẹ̀ wọlé sí méjì, kí wọ́n sì dá iṣẹ́ sísun fáúṣà dúró, nítorí òfin iléeṣẹ́ ni pé kí a sun ún lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gba ti ìkejì. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lórí tábìlì wọn.